Ẹ Dá Orí Àwọn Ọmọ Sí Níbi Ìgbáradì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà

Sí Ààrẹ àti Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, l'Ábújá. Sí àwọn àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ gbogbo. Àti sí gbogbo kọ́ọ̀ṣì tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù.



Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná yín lówó púpọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ pàṣẹ pé kí kọ́ọ̀ṣì kankan má ṣe to àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá sórí ìlà mọ́, kí ó máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn lókè, kí wọ́n máa fi orí kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kan àwọn tó ń gbowó oṣù nínú líìgì, kí ẹ fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí wọn yóò fi orí kan bọ́ọ̀lù níbi ìgbáradì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

N kò ní kí ẹ fòfin de góòlù orí o. Ta ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà kó sì rí ibi jókòó? Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, nígbà tí a na Bulgaria ní 3-0 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí a máa gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, orí ni Emmanuel Amunike fi gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé, ó na ara rẹ̀ gbalaja lójú òfuurufú. Lónìí, Victor Osimhen, ọmọ tó dàgbà ní Olusosun l'Ékòó, ni àwọn ọmọ àdúgbò ń fara wé tí wọ́n bá ń fò sókè pa bọ́ọ̀lù lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fara wé e. Ṣùgbọ́n góòlù bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó ju ẹyọ kan lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí wọ́n ń kàn ní àárọ̀ ọjọ́ lásán, tí kò sí òǹwòran, tí rẹfirí kò sí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà.

Orí tí nǹkan ń gbá léraléra lè fa àrùn ọpọlọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó la ojú ayé sí àrùn yìí, ọmọ ilé wa ni. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nnokwa ní ìpínlẹ̀ Anambra, tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, ló ń ṣe iṣẹ́ yíyẹ òkú wò ní ìlú Pittsburgh l'Ámẹ́ríkà ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n gbé òkú Mike Webster dé. Webster ti jẹ́ akọni nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti ń forí kọ orí. Ẹni àádọ́ta ọdún ni. Kó tó kú, iyè rẹ̀ ti ra, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń sùn nígbà mìíràn. Wọ́n wo ọpọlọ rẹ̀ lójú lásán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó kù ì bá ti sin ín. Omalu kò gbà. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi ní kí wọ́n gé ọpọlọ náà pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ kí òun lè fi ẹ̀rọ wò ó, ibẹ̀ ló sì ti rí àrùn tí a ń pè ní CTE. Kí ó tó dìgbà yẹn, orí àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni ayé mọ àrùn náà mọ́. Nígbà tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2005, àwọn dókítà àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, NFL, kọ̀wé pé kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kò kó o jẹ. Àwọn ni wọ́n padà gbà fún un. Omalu kan náà ló ti sọ ní gbangba pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún máa fi orí kan bọ́ọ̀lù rárá. Èmi kò tilẹ̀ bèèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ lè ní bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Òótọ́ ni. Oṣù kìíní ọdún 2002 yẹn náà ni Jeff Astle kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹni ọdún 59, bọ́ọ̀lù tiwa yìí gan-an ló sì gbá. Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí West Bromwich Albion fi gba ife FA lọ́wọ́ Everton ní 1968, orí rẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n jù. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ títí tí kò fi rántí mọ́ pé òun gbá bọ́ọ̀lù rí. Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé àrùn ibi iṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ nípa ẹni tí èéfín ilé iṣẹ́ bá pa. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, Dókítà Willie Stewart ti Glasgow tún ọpọlọ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì rí CTE níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, 2014, wọ́n rí i nínú ọpọlọ Bellini, balógun Brazil tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1958, ọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé ife náà sókè orí tí gbogbo balógun fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nínú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ife ní 1966, Ray Wilson, Martin Peters, Nobby Stiles, Jack Charlton àti àbúrò rẹ̀ Bobby, gbogbo wọn ni iyè wọn rà kí wọ́n tó kú. Márùn-ún nínú mọ́kànlá.

Ṣùgbọ́n ìtàn ènìyàn mélòó kan kì í ṣe ẹ̀rí, mo sì mọ̀ pé ẹ ó béèrè ẹ̀rí. Stewart àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó àkọsílẹ̀ àwọn 7,676 tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun rí ní Scotland, wọ́n fi wọ́n wé 23,028 ará ìlú tí ọjọ́ orí àti ipò wọn jọra. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Àrùn tó ń jẹ ọpọlọ ni olórí ohun tó pa 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Láàárín àwọn ará ìlú, 0.5 péré. Tí a bá ṣe ìṣirò ọjọ́ orí mọ́ ọn, ewu tiwọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Fún àrùn Alzheimer nìkan, ó tó ìlọ́po márùn-ún. Ìwádìí náà ò sì wá ba bọ́ọ̀lù lórúkọ jẹ́ o, torí ó fi hàn pé àrùn ọkàn àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kò pa àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bó ṣe ń pa àwọn tó kù. Eré náà dára fún ara. Orí nìkan ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni èsì tí wọ́n fi kún un ní 2021. Wọ́n pín àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sí ipò tí wọ́n ń gbá. Ewu àwọn gólí kò ju ti ará ìlú lọ ní ọ̀nà tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn, àwọn tí bọ́ọ̀lù gíga ń wá bá láti àárọ̀ dalẹ́, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Bí ènìyàn bá sì ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 6,000 wò ní 2023, iye náà kéré, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni; àmọ́ níbẹ̀ náà, àwọn gólí yọ. Gólí ń mu omi kan náà pẹ̀lú wọn, ó ń sáré lórí pápá kan náà, ó ń gba owó kan náà. Kí ni kì í ṣe tí àwọn yòókù ń ṣe? Kò sí ìwádìí kankan nínú wọn tó jókòó ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi orí kan bọ́ọ̀lù, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lórí bí ewu náà ṣe tó. Ẹni tó bá fẹ́ dúró kí iyàn náà parí kó tó dá ọmọ rẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan ń fọ̀ sí i: bọ́ọ̀lù aláwọ ayé àtijọ́ ló fà á, èyí tó máa ń mu omi tó sì ń wúwo. Ìwádìí Scotland kò bá èyí lọ. Ọdún tí wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù kò yí ewu rẹ̀ padà. Bọ́ọ̀lù gbígbẹ tòde òní náà ṣì jẹ́ gíráàmù 410 sí 450 gẹ́gẹ́ bí òfin eré ṣe wí, ó sì ń yára ju ti àtijọ́ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí kò ṣòro láti yéni. Ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí. Inú omi ló wà, ó sì rọ̀. Ẹ mú ẹyin tútù kan kí ẹ mì í kíkankíkan: èèpo rẹ̀ kò ní sán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ́ ọ sínú abọ́, ẹ ó rí i pé pupa ti dà mọ́ funfun. Bọ́ọ̀lù tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń ti orí sẹ́yìn, ó sì ń yí i. Yíyí yẹn ló burú jù, torí ó ń fa àwọn okùn tín-ín-rín tí apá kan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì. Ènìyàn kò ní dákú, kò ní bì, orí lè má tilẹ̀ fọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní tau á máa dì jọ síbẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á máa kú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stirling ní Scotland fi ẹ̀rọ ta bọ́ọ̀lù sí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní 2016, wọ́n ní kí wọ́n fi orí kàn án nígbà ogún, kí agbára rẹ̀ jọ ti kọ́nà. Nígbà tí wọ́n dán iyè wọn wò lójú ẹsẹ̀, èsì wọn lọ sílẹ̀ láàárín 41 sí 67 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì padà sípò àfi láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Àgbàlagbà nìyẹn. Ọmọdé ńkọ́, tí orí rẹ̀ tóbi ju bí ara rẹ̀ ṣe tó lọ, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, tó sì tún ní iṣẹ́ àṣetiléwá láti ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ẹ wá bá mi dé orí pápá àdúgbò kan ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó jọ gbogbo àwọn tó kù. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá tò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò, ti àgbàlagbà ni, nọ́ńbà márùn-ún, nítorí òun ló wà. Kọ́ọ̀ṣì ti fún un ní afẹ́fẹ́ débi pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, kò ní tẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń jù ú sókè, wọ́n ń kàn án. Èyí tó bá dijú, tó bá yẹ̀ ẹ́, wọ́n á pè é ní ojo, ó sì máa padà sẹ́yìn ìlà láti tún un kàn. Kọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe ìkà. Owó ọkọ̀ tirẹ̀ ló wọ̀ wá. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì wí nǹkan mìíràn fún un. Òfin tó bá wà nínú fáìlì l'Ábújá tí irú kọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Ẹnì kan lè ní, ta ló rí i rí ní ilẹ̀ wa? Níbo ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àrùn yìí mú wà? Ìdí tí a kò fi rí wọn kò jìnnà. A kì í ṣírò wọn. Lẹ́yìn ikú nìkan ni dókítà fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé CTE ni, nípa yíyẹ ọpọlọ wò. Àwa ńkọ́? Mùsùlùmí kú láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti wọlẹ̀. Bó ṣe Kìrìsìtẹ́nì, a ó gbé e sí mọ́ṣúárì, ṣùgbọ́n ẹbí wo ló máa gbà kí wọ́n la orí bàbá wọn? Kó tó di ikú, tí bàbá bá ń ṣarán, tó ń jáde nílé láì mọ ọ̀nà padà, tó ń na ọmọ tó bí torí kò dá a mọ̀, a ní ogbó ni. Bí kò bá tíì dàgbà tó láti ṣarán, a ní ọwọ́ ayé ni. A gbé e lọ sórí òkè, a gbé e dé ilé ààfáà, a gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo. Ọdún mélòó ló fi gbá ẹ̀yìn fún kíláàbù rẹ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Nítorí náà, ẹ má dúró de nọ́ńbà tiwa kí ẹ tó ṣe nǹkan. Orí ará Scotland kò yàtọ̀ sí orí ará Mushin.

Àwọn mìíràn ti ṣe é, bọ́ọ̀lù wọn kò sì kú. Òbí ló pe àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù lẹ́jọ́ l'Ámẹ́ríkà kí wọ́n tó fòfin de fífi orí kan bọ́ọ̀lù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ ní 2015, tí wọ́n sì dín in kù níbi ìgbáradì fún ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàlá. Ní 2020, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Àríwá Ireland yọ ọ́ kúrò nínú ìgbáradì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn kíláàbù ńlá pé èyí tó bá lágbára, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tàbí ti kọ́nà àti fíríkíìkì, kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀ níbi ìgbáradì. Scotland ní tiwọn ní kí àwọn tó ń gbowó má fi orí kàn án níbi ìgbáradì ní ọjọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orí.

Èyí tó le jù nínú àwọn àtakò ni ti ọ̀gbẹ́ni kan tó sọ fún mi pé, agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì rí owó oṣù mẹ́ta gbà, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọgbọ̀n ọdún sí i ni mo wá ń sọ fún un. N kò rí i bá wí. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn gan-an ni mo fi kọ̀wé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti Premier League gbé owó kalẹ̀ ní 2023 láti ran àwọn tí àrùn yìí mú àti ẹbí wọn lọ́wọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan níbẹ̀ sì ti gbé àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù lọ sí kóòtù. Tiwa kò ní owó ìfẹ̀yìntì tí yóò gbà á dúró, kò sí ilé ìtọ́jú tí yóò gbà á sílé. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà jáde sí títì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá ṣí sọ́ọ̀bù sẹ́nu ọ̀nà kó lè máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi wo àrùn, ó yẹ kó tètè sá fún un ju olówó lọ.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn obìnrin. Super Falcons ti gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ dà bíi Asisat Oshoala sì ti kún orí pápá ní Ìkòròdú àti káàkiri. Obìnrin kò sí nínú ìwádìí Scotland yẹn. Àwòrán ọpọlọ tí wọ́n yà ní New York, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé láàárín ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n fi orí kan bọ́ọ̀lù ní iye tó súnmọ́ra, ibi tó ti yí padà nínú ọpọlọ obìnrin pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, tó bá èyí tan: ìgbà tí orí bá kọ orí, tí ọmọ ṣubú tí kò dìde. Mo mọ ohun tí à ń ṣe. A ń da pure water lé e lórí, a ń fi Robb pa á níwájú orí, bó bá ti lajú a ní ó ti jí, ó yá, padà wọlé. Òfin eré ti fàyè gbà á báyìí kí ìdíje lè fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àrọ́pò àfikún fún ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan, èyí tí kò ní wọ iye àrọ́pò yòókù. Ẹ mú un lò nínú gbogbo ìdíje ilé ẹ̀kọ́, títí dé Principals' Cup, kí tíṣà tó fẹ́ yọ ọmọ kúrò má baà máa ṣírò àrọ́pò tó kù sí i lọ́wọ́.

Ní ti bí wọn yóò ṣe kọ́ góòlù orí, ó ní ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọrùn le. Ẹ fi bọ́ọ̀lù fífẹ́lẹ́ tàbí bàlúù kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fò, bí wọn yóò ṣe lajú, ibi iwájú orí tí yóò kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gidi á dé nígbà tó bá yá. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló tọ́ sí i, kí ẹ sì dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù.

Ojú ìwé kan ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Pijin. Kí iye ìgbà tí ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan lè fi orí kan bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, àti ohun tí kọ́ọ̀ṣì yóò ṣe bí ọmọ bá fi orí gbá nǹkan. Kí àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ pín in fún gbogbo akádẹ́mì tó bá wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n má sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láìjẹ́ pé kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti kà á. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó lè dé ọwọ́ wọn kí àwọn ọmọ tó wọlé sáà tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí agbábọ́ọ̀lù ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
Ìbàdàn.